Orúkọ Agùntáṣọọ́lò Lórí Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́jọ

Ọmọ àbúrò mi, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá níbi iṣẹ́, kì í fi iṣẹ́ òní dọ̀la. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ. Ilé-iṣẹ́ kan gbà á fún ìdánwò oṣù mẹ́jọ: bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di tiwọn, bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kó máa lọ.

Lọ́jọ́ tó dé, ọ̀gá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù fún un. Ọkùnrin kan tí àlàjẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Agùntáṣọọ́lò ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n fi orúkọ àti íméèlì mi sí i?"

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀! Ó ti wà létò."

Ibi ìpamọ́ kan ni gbogbo wọn ń fi iṣẹ́ sí. Gíìtì ni wọ́n ń pe ohun tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí o bá ti fi iṣẹ́ pamọ́, yóò kọ orúkọ àti íméèlì sí i lára. Kò mọ ojú ẹnì kan o. Èyí tó bá bá nínú kọ̀ǹpútà ló ń kọ. Ìlà méjì péré lèèyàn fi ń yí i padà, kò tó ìṣẹ́jú kan. Lọ́sẹ̀ kejì, Kíákíá rí i pé orúkọ Agùntáṣọọ́lò ló ń hàn lórí iṣẹ́ òun. Ó tún lọ bá ọ̀gá.

"Ṣé orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ ni. Má fọwọ́ kàn án."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Oṣù mẹ́jọ pé, ọ̀gá yìí kan náà tẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ síwájú ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ lójú Kíákíá, ó ní kò sí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní orúkọ Kíákíá lára. Ojú kò tì í!

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án!"

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì!"

"Má pariwo lé mi lórí."

"Mi ò tíì pariwo, sà. Tí mo bá pariwo, àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá fa ìwé náà mọ́ra. "Orúkọ ta ló kúnnú ibí?"

Kíákíá ní, "Agùntáṣọọ́lò, mà."

"Ìgbà wo ló kúrò?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. "Ó tó oṣù mẹ́jọ, mà."

"Ṣé iwin rẹ̀ ló wá ń ṣiṣẹ́ fún mi lójoojúmọ́ ni?"

Ìyá fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Kíákíá kò dìde. Ó ní kí wọ́n tún orúkọ náà ṣe. Ọ̀gá ní bí wọ́n bá tú àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò fi ọjọ́ méjì dúró. Ìyá ní ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù. Kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé sí ibi ìpamọ́ náà, pé láti ọjọ́ báyìí títí di òní, Kíákíá ló ni iṣẹ́ náà.

Kíákíá dúró lẹ́yìn àga ọ̀gá gbọn-in títí ọ̀gá fi kọ ọ́. Ọ̀gá fẹ́ dìde.

"Ó ku íméèlì mi, sà. Ẹ jókòó."