Aṣọ Ìpò Lára Gbọ̀ngàn Ilé-Ìwé Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wa ní Kàbbà tún gbọ̀ngàn àtijọ́ rẹ̀ ṣe tán, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn ka ìwé ìkéde wọn, kí ó sì tún un ṣe, kí ó tó dé rédíò. Wọ́n rán ọmọbìnrin pírínsípà wa àkọ́kọ́ sí mi. Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún. Àbújá ni ó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí ó máa gbé orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jáde fún aráyé. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní bàbá òun sọ pé kí òun má fi ìwé náà han ẹlòmíràn àfi èmi, pé nínú gbogbo olùkọ́ àtijọ́ tí ó kù láyé, kò sí ẹni tí Yorùbá rẹ̀ tó tèmi.

Bàbá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń kà lọ́jọ́ ìpín-ẹ̀bùn, tí àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìwé pẹlẹbẹ náà dùn ún wò. Wọ́n ya gbọ̀ngàn náà sí iwájú rẹ̀: ògiri òkúta, páànù tuntun, fèrèsé onígi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Nínú, pírínsípà nìkan gba ojú ìwé mẹ́ta. Ó gbẹ́ kànga, ó gbin máńgòrò, ó ṣe bàbá fún gbogbo ọmọ aláìníbaba. Mo wá orúkọ mi láàárín àwọn olùkọ́, n kò rí i. Mo bi ọmọbìnrin náà. Ó ní àyè ni kò tó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

Ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ni ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo ìyókù wà. Lọ́jọ́ tí wọn yóò ṣí gbọ̀ngàn náà, wọn yóò sọ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀, níṣojú bàbá náà.

"Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń bèèrè lọ́wọ́ wa nìyẹn, Màmá," ó sọ. "Wọ́n ní kí ojú àwọn ṣáà rí i."

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ń ka ọjọ́.

Èmi náà ka ọjọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé pé ìyá mi ń kú lọ, pé orúkọ mi ni ó ń pè. Ibẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá tètè rí mọ́tò lè lọ kí ó sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mo kọ ìwé, mo gbé e lọ bá pírínsípà. Ó ní kí ìdánwò parí ná. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Ó kó gbogbo olùkọ́ jọ, ó sọ fún wọn lójú mi pé obìnrin tí ó ṣì ń sunkún ìyá rẹ̀ kò ì tíì kúrò lẹ́nu ọmú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ láìgba àyè. Erùpẹ̀ orí sàréè ṣì tutù nígbà tí mo débẹ̀. Kí n tó padà sí Kàbbà, ó ti kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé mo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí àyè ọ̀gá bá ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń ka ìwé yẹn jáde. Igbá-kejì ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìntì.

Síbẹ̀ mo tún ìwé ọmọ rẹ̀ ṣe, mo sì tún un ṣe dáadáa. N kì í ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìgbà kẹta tí ó wá, ó gbé àpò kan dání. Ó kó aṣọ jáde láti inú rẹ̀ sórí àga mi, márùn-ún, pupa, ó nípọn, ó ti pẹ́. Ó ní ọwọ́ ẹni kan tí ń ta nǹkan àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà ni òun ti rà wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin Bùnù ni. Ó fẹ́ gbé wọn kọ́ láti òrùlé gbọ̀ngàn náà dé ilẹ̀, kí àwòrán ńlá bàbá rẹ̀ wà láàárín wọn. Àwọn oníròyìn yóò fẹ́ràn àwọ̀ náà nínú fọ́tò. Òun kò ì tíì fi han ẹnikẹ́ni, torí òun fẹ́ kí ó ya Bàbá lẹ́nu.

Aṣọ ìpò ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kí ó tó jáde tán nínú àpò. Nílẹ̀ Bùnù, bí ọkùnrin ńlá bá kú, òun ni wọ́n ń gbé kọ́ síwájú ilé rẹ̀, kí ẹni tí ń kọjá lọ mọ̀ pé baálé ilé náà ti lọ. Kò sí ẹni tí ń gbé e kọ́ fún alààyè. Ọmọ tí ó dàgbà sí Kàdúná àti Àbújá kò lè mọ̀. Aṣọ pupa ni ó rí.

"Ó yẹ wọ́n, àbí, Màmá?"

Mo fi ọwọ́ pa á. Aṣọ tó dára ni.

"Ọkùnrin ńlá ni wọ́n ń gbé e kọ́ fún," mo sọ. "Ó yẹ wọ́n."

Ó dì mọ́ mi. Mo ní kí ó lọ̀ wọ́n kí ojú ibi tí wọ́n ti ká wọn má baà hàn nínú fọ́tò. Mo tilẹ̀ bá a yan ibi tí àwòrán náà yóò wà.

Lọ́jọ́ náà mo tètè dé, mo jókòó sí ìlà kejì. Aṣọ náà bo iwájú gbọ̀ngàn. Àwòrán bàbá náà ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí i sí sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya ara wọn ní fọ́tò níbẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà tí wọ́n pè láti Òkè-Bùkún nílẹ̀ Bùnù sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ìyá àgbà kan ká ọwọ́ lérí. Olórí wọn lọ bá ọmọbìnrin náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ọmọ mi. Ìgbà wo ni Bàbá lọ? A kò tilẹ̀ gbọ́."

"Lọ síbo, sà? Wọ́n wà nílé, wọ́n ń múra bọ̀ ni."

"Ta ni ẹ wá gbé aṣọ ìpò kọ́ fún?"

Kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé fún un. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́. Ó yíjú sí mi.

"Màmá mọ̀," ó sọ. "Mo fi hàn wọ́n."

Ó pariwo pé kí wọ́n já a lulẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n tíì já nígbà tí mọ́tò bàbá rẹ̀ wọlé. Ọmọ Bùnù ni ìyá tí ó bí i, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ túmọ̀ fún un. Ó wo aṣọ náà, ó wo ojú ara rẹ̀ láàárín rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó nawọ́ sí mi. Bàbá náà fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀ wá síwájú mi. N kò dìde.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ó bi mí.

"Ìyá mi, sà. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò."

Ó ń wò mí. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú iyè rẹ̀ títí.

"Ìyá rẹ? Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni?"

Kò rántí. Ohun tí mo ń gbé kiri láti ìgbà èwe mi, òun kò tilẹ̀ gbé e dé ìparí oṣù yẹn. Ó dùn mí ju ti ìgbà náà lọ. Mo na ọwọ́ sí ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn, lábẹ́ aṣọ mẹ́rin tí ó kù.

"Ẹ wọlé, sà," mo sọ. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Kò wọlé. Ó padà sínú mọ́tò, wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà láìsí i. Alága ìgbìmọ̀ ka ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn tún ṣe, ó sì fo ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Pásítọ̀ gbàdúrà, àlùfáà gbàdúrà. Àwọn àgbà ní a kò lè kọ orúkọ alààyè sára ilé tí wọ́n ti gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún un, kí ìgbìmọ̀ fi í sílẹ̀ títí di ìgbà tí bàbá náà bá kú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọmọ rẹ̀ wá sílé mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúnlẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí bàbá òun ṣe, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá kọ́ ló pa ìyá yín," ó sọ.

"Rárá. Ó kàn jẹ́ kí n pẹ́ dé ni."

Ó lọ, kò dágbére. Wọ́n ní bàbá náà kì í jáde mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni ó ń bèèrè bóyá wọ́n ti kọ orúkọ òun sára ògiri, ọmọ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn pé wọ́n ti kọ ọ́. Mo ti lọ wo ògiri náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ó bá ránṣẹ́ wá bi mí, n óò sọ òótọ́ fún un.