Àpótí Tí Mo Kùn Láwọ̀ Àsíá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lónìí.

Òrùlé ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ń jò. Mo fi pákó kan àpótí, mo dá ihò sí i lórí, káwọn ará Issaba lè máa sọ owó sí i. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló kó bá mi: mo kùn ún láwọ̀ àsíá àwọn Faransé tó ń ṣèjọba lé wa lórí, kó lè níyì.

Bí mo ṣe gbé e dé ọjà láàárọ̀ yìí, àwọn ọkùnrin sá wọgbó. Àṣé agbowó-orí ni wọ́n pè mí!

Ìyá arúgbó kan tí kò lè sáré kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ọ̀gá, ọkọ mi ti san tọdún yìí. Ẹ má mú un lọ."

"Ìyá, ẹ dìde! Tilé-ìwé ni!"

Ni gáàdì ìjọba kan bá jágbe lẹ́yìn mi: "Ta ló ní kó o máa gba owó orí?"

Mo gbá àpótí náà mọ́ra.

Ìyá yẹn ló dìde. "Ọmọ wa ni. Owó òrùlé ló ń gbà." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sọ owó sínú àpótí. Gáàdì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti ń họ ọ̀dà náà látàárọ̀, pupa rẹ̀ ò lọ. Ẹ gbà mí o: àwọ̀ wo ni mo lè fi kùn ún tí àgbà ò ní kúnlẹ̀ fún mi mọ́?