Òróró Lórí Ọ̀dà Tútù

Kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kùn sí èékánná mi lọ́jà Kaneshie lánàá ló rùn sí mi bí ọ̀dà bàbá mi. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, á jókòó, á máa lẹ mọ́tò oníke kékeré pọ̀, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn ún. Ojú a máa tì mí. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wa mọ́tò gidi. Àwa ń wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pásítọ̀ wa wọlé bá a.

"Brọ́dà, ṣé mọ́tò tẹ́ ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ Olúwa rèé?"

"Rárá, sà. Mo kàn fi ń ṣeré ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Ìgbàgbọ́ nìyẹn!"

Ló bá da òróró lé ọ̀dà tútù náà, ó ń pàṣẹ kí ojúlówó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté Tema. Màmá mi ń ké àmín. Ọ̀dà pupa ń fà bí ikun imú. Pásítọ̀ fi aṣọ tábìlì wa nu ọwọ́. Bàbá mi náà ṣe àmín, mo sì fojú ọ̀dẹ̀ wò ó.

Mo dàgbà kó tó yé mi pé kò fẹ́ mọ́tò kankan; ohun kan ṣoṣo tẹ́nikẹ́ni ò ní gbàdúrà lé lórí nínú ilé yẹn ló ń wá.