Bẹ́líìtì Tí Èlíjà Gé

Bàálù tó bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Aláàkíá, ní Ìbàdàn, orí ilé Èlíjà Fáwùnmí ní Ẹgbẹ́dá ló máa ń gbà kọjá. Bó bá ti ń kù bọ̀, Èlíjà á dá ohun tó ń ṣe dúró, á gbójú sókè, á ní, "Èyí máa já." Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó lọ́kọ, ó kó lọ sí Àbújá. Bàálù kankan kò já. Èlíjà kò bínú. Ó ní sùúrù.

Awakọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń ná Ẹgbẹ́dá sí Ìwó Róòdù. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi ń pa èrò lẹ́nu mọ́ bí wọ́n bá ń pariwo pé eré ti pọ̀ jù: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ni sítíárìn wà." Òótọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Àwọn nǹkan yòókù ni kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ilẹ̀kùn, èrò tó bá jókòó tì í ló ń dì í mú. Táyà ẹ̀yìn ti dán bí apárí. Bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́? Ó ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo wọn. Ó fi díẹ̀ so búùtù, ó ń fi ìyókù so ewúrẹ́ mọ́ òrùlé lọ́jọ́ ọjà. Kò sí ewúrẹ́ tó já bọ́ lórí ọkọ̀ Èlíjà rí.

Bíréèkì rẹ̀, ìgbàgbọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Àgbà ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni Èlíjà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì máa ń tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó dúró: ti Bàbá, ti Ọmọ, ti Ẹ̀mí Mímọ́. Bó bá kan ti Ẹ̀mí Mímọ́, ọkọ̀ á dúró. Najeem, mẹkáníìkì rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ jẹ́ ká tú bíréèkì yìí wò."

"Ṣé kì í mú ni?"

"Ó ń mú. Ó máa ń ronú kó tó mú ni."

"Àgbà ọkọ̀ ni. Kí àgbà má ronú?"

Nígbà tó yá, Ṣìkẹ́mi bí ọkùnrin. Dorothy, ìyàwó Èlíjà, ti wọ bàálù lọ sí Àbújá kí oyún tó pé, láti lọ wẹ ọmọ. Orúkọ kan wà nílẹ̀ tí Èlíjà ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́ fún ọmọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò rí bí: Ọlọ́runṣògo. Ọjọ́ Sátidé ni ìsọmọlórúkọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, àna rẹ̀ ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, àna náà kò sì ṣàìní orúkọ tirẹ̀ lápò.

Ṣìkẹ́mi pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù yín, àlọ àti àbọ̀."

"Dá a padà. Kí lorúkọ mi? Èlíjà. Èlíjà inú Bíbélì wọ ọkọ̀ lọ sókè. Ṣé o gbọ́ pé ó padà?"

"Kẹ̀kẹ́ iná nìyẹn, Bàbá mi. Bàálù lèyí."

"Ṣé kò sí iná nínú bàálù?"

"Màmá kúkú wọ̀ ọ́ wá. Wọ́n wà níbí, wọ́n ń jẹ iyán."

"Ìyá rẹ fúyẹ́."

Ṣìkẹ́mi mí kanlẹ̀. "Àwọn méjì ló ń wa bàálù kan. Kó tó gbéra, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Bí iná kékeré kan bá kọ̀ tí kò tàn, kò ní gbéra. Bàbá mi, ìgbà wo lẹ wo táyà yín kẹ́yìn?"

"Mò ń wò ó lójoojúmọ́."

"Kí lẹ rí?"

"Táyà."

"Bí bàálù kan bá já, rédíò á máa sọ ọ́ títí oṣù á fi lé. Àwọn tó ń kú lójú títì yín yẹn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ta ló ń sọ tiwọn?"

"Ẹni tó wà nídìí bàálù yẹn, ṣé mo mọ bàbá rẹ̀? Èmi ni n ó wa ara mi wá. Sítíárìn kò dà mí rí."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gba àtẹ́wọ́, ó ti kọjá ohun tí èèyàn lè kó jẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, ó di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì so wọ́n pinpin, ó gbàdúrà, ó kọrí sí Àbújá. Kò tíì jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá tí màlúù fi dí ọ̀nà nítòsí Aṣéjìrẹ́. Èlíjà tẹ bíréèkì ní ti Bàbá. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ti Ọmọ. Kó tó kan Ẹ̀mí Mímọ́, bọ́ọ̀sì ti yà bàrá, ó ti wọ kòtò, ó ti forí gbá òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Màlúù kankan kò fara pa. Iṣu kankan kò kán. Bẹ́líìtì dì wọ́n mú dáadáa. Èlíjà nìkan ni ohunkóhun kò dì mú. Ó forí sọ gíláàsì.

Nígbà tí wọ́n pe Najeem dé ibẹ̀, orí koríko ló bá a, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láyà. Bàálù kan kù bọ̀ lókè, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Aláàkíá. Najeem gbójú sókè, ó sì wo Èlíjà.

"Bàbá, ẹ kò sọ̀rọ̀."

"Kí n wí pé kí ni?"

"Pé ó máa já."

"Najeem, fi mí sílẹ̀."

Ṣìkẹ́mi kò tíì dá tíkẹ́ẹ̀tì padà; nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Èlíjà wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá máa kú, kó kú nínú aṣọ ìjọ: sùtánà funfun ló wọ̀. Sùtánà kì í sì í bá bàtà rìn, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lórí táìlì tútù, báńdéèjì funfun lórí. Àwọn èèyàn ń yà fún un. Obìnrin kan tó wọ gèlè olówó ńlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹ̀rù bàálù yìí ń bà mí."

Èlíjà gbọ́wọ́ sókè. "Yóò gúnlẹ̀ láyọ̀," ló wí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde nípa bàálù rí.

Nínú bàálù, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ de bẹ́líìtì yín."

Èlíjà wo bẹ́líìtì náà títí. Ó mọ̀ ọ́n. "Ṣé gbogbo èrò ni?"

"Gbogbo wa ni, Bàbá. Àwọn tó ń wà á pàápàá."

Èlíjà dè é. Ó dè é pinpin bí ewúrẹ́ ọjọ́ ọjà.

Nígbà tí bàálù sáré, Èlíjà dijú, ó fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohunkóhun kò dúró. Ìgbà tó lajú, ìkùukùu ti wà nísàlẹ̀. Kò sí kòtò. Kò sí màlúù. Wọ́n fún un ní bisikíìtì. Kó tó jẹ ẹ́ tán, bàálù ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Àbújá, ó ń dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní láti pe Ẹ̀mí Mímọ́. Ó dùn mọ́ Èlíjà nínú, ó sì gbójú le kí wọ́n má bàa mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ọmọ, ó fi oyin kàn án lẹ́nu, ó pè é ní Ọlọ́runṣògo. Gbogbo ilé pè é tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni Bàbá Adéyẹmí, bàbá ọkọ Ṣìkẹ́mi, wo báńdéèjì náà.

"Àna mi, kí ló ṣe yín lórí?"

Èlíjà rántí gáréèjì. Ó rántí àtẹ́wọ́.

"Bàálù ni," ló wí. "Ó gbọ̀n mí pìpì lókè ọ̀hún, ó fi orí mi gbá àjà."

"Háà! Ẹ ò rí ayé!" Bàbá Adéyẹmí fọwọ́ borí.

Najeem ti pe Dorothy láti ọjọ́bọ̀. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú ewu òkè," ló sọ.

Nígbà tí Èlíjà múra àtilọ ilé, Bàbá Adéyẹmí wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àna mi, a kò ní jẹ́ kí bàálù pa yín fún wa. Mo ti gba àyè fún yín nínú mọ́tò Ìbàdàn. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an lẹ máa jókòó sí."

Èlíjà wo Ṣìkẹ́mi. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà nínú fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kò kúkú fẹ́ bàálù mọ́, àbí?"

Èlíjà la ẹnu. Àna rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó pa á dé, ó tún un là.

"N kò fẹ́."

Múyì lorúkọ ọmọkùnrin tó wa mọ́tò náà. Èrò kan ló di ilẹ̀kùn mú. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jáde ní Àbújá, tírélà kan dúró níwájú. Múyì tẹ bíréèkì, "Bísímíláì." Ọkọ̀ ń lọ. Ó tún un tẹ̀, "Bísímíláì." Ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ dúró, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí tírélà.

Ọwọ́ Èlíjà ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wá bẹ́líìtì. Kùkùté rẹ̀ ló bá. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, ó sì gún régé. Ewúrẹ́ kan ké lórí òrùlé.

Múyì rí i nínú dígí.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi ni sítíárìn wà."