Ọkọ̀ Bàbá Ọmọ Mi Kò Tíì Sítáàtì

Ọkọ mi kì í pe oníṣẹ́. Nínú ilé tí à ń gbé ní Ketu yìí, láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀, kò sí púlọ́ńbà kan tó fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwẹ̀ wa, kò sí oníṣẹ́ iná kan tó gun orí àga wa. Á ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èmi á ní, "Daddy, ìwà ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ síǹkì." Á ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti gbó, á ti kúnlẹ̀ sábẹ́ síǹkì, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo máa rí bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló máa ń dáa. Sùwíìṣì yàrá wa, òdìkejì ló fi í. Òkè lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí kí iná tó tàn, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀ ẹ́ sí. Tó bá tú fáànù, tó tún un dè, bóòtù á ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé, "Daddy, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó ní àwọn tó ṣe fáànù yẹn ló fi bóòtù ṣòfò. Ẹ gbà mí! Ojú rẹ̀ le koko bó ṣe ń sọ ọ́, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Fáànù ọ̀hún ṣì ń fẹ́ mi títí dòní, ariwo rẹ̀ nìkan ló pọ̀.

Àmọ́ ọkọ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ funfun kan ni, tòkunbọ̀, ó sì ti dàgbà kó tó dọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo Sátidé tó bá wà nílé, abẹ́ ọkọ̀ yẹn ló ń wà, èmi á sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa na irinṣẹ́ sí i. "Nọ́ńbà mẹ́wàá!" Màá fún un. "Mo ní mẹ́wàá, o ń gbé méjìlá fún mi!" Màá ní kó jáde wá mú un fúnra rẹ̀, ṣé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí? Òwú àti síìpù ni mò ń tà lójú ọ̀nà Ikosi, kò sí nǹkan tó kàn mí kan sípánà. Mo ráhùn, mo ráhùn, mi ò sì kúrò lórí àpótí yẹn rí. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nísinsìnyí, tí ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà mẹ́wàá wá, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Àárò ọkọ mi ń sọ mí. Mi ò lè fi bò.

Ó ti lọ sí òkè òkun. Ó ní òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀, òun á padà, ọdún wá ń gorí ọdún. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Ó ní nínú ilé tí wọ́n háyà fún òun, òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkankan. Gílóòbù jó nígbà kan, ó gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀, obìnrin tó ń bójú tó ilé sì sáré wọlé, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, pé ọ́fíìsì ló máa rán ẹni tó máa pààrọ̀ gílóòbù wá. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ẹ̀rín ọkọ mi, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín.

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ ti ń tán láàárín wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe fóònù. Á fi fídíò pè mí lọ́jọ́ Sunday tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. "Ṣé dáadáa ni?" Dáadáa ni. "Ọmọ wa ńkọ́?" Ó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó kí yín. "Iná ńkọ́?" Wọ́n mú un lọ. Ó tán. A óò wá máa wo ara wa, títí ẹnì kan nínú wa á fi sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì sì dáa.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí láńdílọ́ọ̀dù fi ní òun nílò ibi tí ọkọ̀ dúró sí, tí kò sítáàtì mọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Iseri Olowora. Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta táyà tó ti jò, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí." Wọ́n pe àbúrò wọn lójú mi, wọ́n sọ fún un. Ọkọ mi fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ra ọkọ̀ tí ò sítáàtì? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sítáàtì ná. Ọjọ́ tó bá ti sítáàtì, ẹ tà á."

Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, àwọn á mú mẹkáníìkì wá láti Mile 12.

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Nínú ọkọ̀ mi? Ìyàwó mi ló máa tún un ṣe. Èmi ni màá máa sọ fún un bó ṣe máa ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, orí yín ò pé." Wọ́n ṣáà bá wa bẹ láńdílọ́ọ̀dù kó fún wa láyè díẹ̀ sí i.

Àwọn ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, èmi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkùnrin tó bá ṣì ní ọkọ̀ nílé, ó ṣì ní nǹkan tó máa padà wá wà. Tí wọ́n bá ti ta ọkọ̀, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ibi tó máa ń dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ Sátidé, kí ló tún kù fún un ní Ketu? Èmi? Èmi tí a ò rí nǹkan bá ara wa sọ mọ́?

A wá bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá bọ́ aṣọ, màá wọ ṣòkòtò gbígbó tirẹ̀, màá gbé fóònù ti gíláàsì ọkọ̀. "Gbé mi sún mọ́ ọn." Màá gbé e sún mọ́ ọn. "Gbé mi wọ abẹ́ ibẹ̀." Màá tì í wọ abẹ́ ibẹ̀. A pààrọ̀ bátìrì. A fa epo àtijọ́ tó ti bàjẹ́ jáde, mo fẹnu fà á láti inú rọ́bà, díẹ̀ wọ̀ mí lọ́fun, mo bú ọkọ mi débi tí ọmọ láńdílọ́ọ̀dù fi yọjú. A tú púlọ́ọ̀gì, a fọ̀ ọ́. "Yí kọ́kọ́rọ́." Ẹ́ńjìnì á yí, á yí, á yí, kò ní mú. "Gbé mi sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ọ dáadáa. Tún un yí." Màá tún un yí. Ó tún ti ń jágbe mọ́ mi: "Mi ò sọ pé kí o mú méjìlá!" Èmi náà á ní kó fò wálé wá mú mẹ́wàá. Ẹ̀rín á pa wá. Fóònù á kú mọ́ wa lẹ́nu, a ò sì ní tíì sọ̀rọ̀ tán. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Monday, ọ̀rá ẹ́ńjìnì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, oníbàárà ń wò mí tìyanu-tìyanu, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ọkọ.

Kó tó rìnrìn àjò, ó ti fi mí sínú gúrúùpù kan lórí fóònù, gúrúùpù àwọn tó ń tún nǹkan wọn ṣe fúnra wọn. Òun ti kúrò níbẹ̀ nígbà tó yá, ó ní iṣẹ́ òru ò jẹ́ kóun ráyè kà á. Àwọn ọkùnrin inú rẹ̀, kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Ẹni yìí tú jẹnẹrétọ̀, kò lè dè é. Ẹni yẹn kun ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Bí mo ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa, ẹnì kan ní, "Mummy, ẹ pe mẹkáníìkì o jàre." Mo dá a lóhùn pé òun tó fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù omi, ṣé ẹnì kan ní kó pe púlọ́ńbà? Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kan tó ń gbé ní Magodo ló wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi jẹ́jẹ́.

"Mummy, ẹ má bínú o. Ṣé ọkọ yín ò fi sùwíìṣì ìkọ̀kọ̀ síbẹ̀, èyí tó ń dá epo dúró kó má bàa dé ẹ́ńjìnì, nítorí olè? Gbogbo àwa tí à ń tún ọkọ̀ wa ṣe la máa ń fi í síbẹ̀. Èmi fi tèmi síbẹ̀, mo gbàgbé, mo ti tú ìdajì ẹ́ńjìnì kí n tó rántí."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí nínú wọn. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n fa ọkọ̀ tirẹ̀ dé ilé mẹkáníìkì, sùwíìṣì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wá sílé. Gbogbo ayálégbé ti lọ sọ́jà. Mo wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo wo inú àpò ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, mo wá ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ó wà níbẹ̀. Sùwíìṣì kékeré kan, wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀, téèpù dúdú ló sì fi dè é. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọkọ mi nìkan ló máa ń ṣẹ́ etí téèpù po, kó má bàa ṣòro fún ẹni tó máa tú u. Mo fọwọ́ kan téèpù yẹn, omi sì bọ́ lójú mi. Níkẹyìn mo tẹ̀ ẹ́, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Yéè! Ó mú! Gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n, èéfín bo ògiri, ó sì ń dún dáadáa. Ìyàwó láńdílọ́ọ̀dù ké láti ojú fèrèsé pé, "Kí ló ń dún yẹn?" Mo yára pa á. Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ni, Mummy."

Mo jókòó síbẹ̀, mo mú sítíárìn dání. Inú bí mi gidi. Ó ti gbàgbé! Nǹkan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè, nínú ọkọ̀ tó fẹ́ràn jù láyé, ó ti gbàgbé rẹ̀. Tó bá ti lè gbàgbé ìyẹn, ta ni mo jẹ́ tí kò ní gbàgbé mi? Mo sì rò ó pé tí mo bá sọ fún un, ẹ̀gbọ́n á mú oníbàárà dé, ó parí nìyẹn. Mo tẹ sùwíìṣì padà, mo da kápẹ́ẹ̀tì bò ó.

Ọjọ́ Sunday dé, ó pè.

"Ṣé o tún yí i?"

"Mo yí i. Ó ṣì kọ̀."

"Ó ṣì kọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Jẹ́ ká tún tú púlọ́ọ̀gì wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ kó rántí fúnra rẹ̀. Mo ní, "Daddy, ṣé kí n ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ dírẹ́bà wò? A ò tíì wo ibẹ̀ rí."

"Rárá!" Mi ò tíì pa ẹnu mi dé. "Má débẹ̀. Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Mo wò ó. Òun náà ń wò mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti ta ẹsẹ̀ lu táyà ló ti mọ̀, ó kàn ń mú mi tú ẹ́ńjìnì kiri ni. Inú mi dùn pé òun náà ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí tán, ó sì bà jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ọjọ́ tóun máa padà wálé ò ní máa fi sùwíìṣì pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú sípánà, mo bi í pé púlọ́ọ̀gì wo la máa kọ́kọ́ tú. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, kí n sì rọra ṣe é, kò sí ìkánjú.