Ìró tí Alhaja Fi Bo Tẹlifíṣọ̀n

Mo ṣí àpótí aṣọ láàárọ̀ yìí, òórùn káńfọ̀ sì tún bí mi nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ọ̀fà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iwin ọkọ tó ti kú nínú kàtúùnù tí mo fẹ́ràn jù ń padà sílé. Nínú fíìmù tí wọ́n ti mú un jáde, fìlà dúdú ló dé. Nínú kàtúùnù, fìlà aláwọ̀ ewé ni. Bó ṣe kan ilẹ̀kùn báyìí, ìyá bàbá mi, Alhaja, pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi ìró olóòórùn káńfọ̀ bò ó.

"Má fi òkú ṣeré nílé mi!"

"Alhaja, àwòrán lásán ni!"

"Àwòrán tó ń kanlẹ̀kùn?"

Wọ́n ti sọ fún mi pé Bàbá Àgbà rìnrìn àjò ni. Mi ò mọ̀ pé opó ni Alhaja ń ṣe.

Mo ti rí ìparí kàtúùnù náà lórí fóònù báyìí. Ìyàwó iwin náà ló ṣílẹ̀kùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Háà, Alhaja, ẹ ò jẹ́ ká wò ó tán!