Ìdáhùn Ràbíátù Lórí Ogun Làìbéríà

Láti ìgbà tí Sírájúdéènì ọmọ rẹ̀ ti bá àwọn sójà lọ sí Làìbéríà ni Ràbíátù kò ti lè fìdí kalẹ̀ sójú kan. Ìrọ̀rí ló ń ṣe tà ní Jójú, l'Ọ́tà. Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tó dá a dúró nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tíjọba pè ní Sáàpù dé gan-an ló ti ń ra àjákù fóòmù, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò kì í sínú àpò. Báyìí, yóò kì í tán, yóò rán ẹnu rẹ̀ pa, yóò sì tún tú u. Tẹ́ ẹ bá béèrè, á ní kò rọ̀ tó. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ náà kò ránṣẹ́ sílé mọ́ láti ìgbà òjò.

Kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, rere nìkan ni wọ́n ń fẹnu pè sórí ẹni tó bá wà lójú ogun. Tí aládùúgbò bá ní, “Sójà wa ńkọ́?”, “Ó wà dáadáa” ni ìdáhùn, kíá, kí ẹnu má lọ ṣèèṣì pe nǹkan mìíràn wá. Ràbíátù kì í fi èyí ṣeré. Ó ti lé Fúnkẹ́mi jáde ní yàrá rẹ̀ rí, ìyàwó onílé o, ẹ gbọ́ ná, torí ìyẹn ní ogun Làìbéríà mà le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣóbándé yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wádìí èrò aráàlú l'Ékòó ló rán an kiri Ọ̀tà.

“Màmá, ṣé káwọn sójà wa dúró sí Làìbéríà ni, àbí kí wọ́n kúrò?”

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè. Bí wọ́n bá torí ìdáhùn ìyá fìyà jẹ ọmọ ńkọ́? Èyí tó tún burú jù ni pé tó bá ní kí wọ́n kúrò, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ kò dára nìyẹn.

“Àlùhámúdù lílàhì,” ló wí. “Ibẹ̀ dáa. Kí wọ́n dúró.”

Kò pẹ́ púpọ̀ tí rédíò Fúnkẹ́mi fi gbé e jáde pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Ọ̀tà ló ní káwọn sójà dúró. Olóòótú ètò náà tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Ọ̀tà láyà. Ràbíátù ju ọ̀bẹ fóòmù sílẹ̀. Inú bí i sí olóòótú, ó bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ṣó o gbọ́ wọn?” ló wí fún Fúnkẹ́mi. “Wọ́n ní èmi ni mo ní kó má bọ̀ wálé!”

Ó wá Ṣóbándé lọ dé Ìjókò, kó tó bá a ní Sángo, níbi táwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílé iṣẹ́ ní Agbárá ti ń dúró de bọ́ọ̀sì wọn. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ ló ń bi wọ́n léèrè lọ́tẹ̀ yìí.

“Ọmọ yìí, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ti Làìbéríà.”

Ṣóbándé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Àbúrò mi wà níbẹ̀, mà. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ bi. Ó ń sunkún, ó ń ní kí wọ́n dúró.”

“Kí lo wá kọ?”

“Kí wọ́n dúró ni mo kọ.”

Ràbíátù pòṣé. “Ìwọ náà ò gbọ́n.”

“Òótọ́ ni, mà. Wọ́n á tún rán mi jáde láìpẹ́. Ti yín ni màá fi bẹ̀rẹ̀.” Ó ṣí bírò. “Kí wọ́n dúró, àbí kí wọ́n kúrò?”

Gbogbo ọ̀nà ni Ràbíátù ti ń fi “Kí wọ́n kúrò” kọ́ra. Ó la ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ní Jójú bá ké sí i láti ọ̀ọ́kán:

“Ìyá Sírájù! Sójà wa ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa!” Kíá ló dáhùn.

Ó wá kọjú sí Ṣóbándé. Omi ti kún ojú rẹ̀.

“Ṣó o gbọ́ mi?” ló wí. “Mo ní ó wà dáadáa.”

Ṣóbándé dé bírò rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan.